Ọwọ́ Tó Ń Ṣàánú

Jarkko gbé àlà kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọn kò bára mu. Àwòrán ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo ni, Tuulikki, àgbà obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sì fa àlà méjèèjì yí ibì kan ká nínú rẹ̀: ọ̀kan kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, ìkejì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn nílùú Turku nìyẹn. Wọn a fi àwòrán tí èèyàn ti yà rí pamọ́ sáàárín tuntun, láìsí orúkọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọwọ́ ṣì dúró. Ibi kékeré tí ìrántí ń gbé nínú ọpọlọ ni Tuulikki ń fa àlà yí ká. Ìbòjú ni wọ́n ń pè é: ohun tó bá wà lóde rẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní wò ó, tinú rẹ̀ nìkan ni yóò wọ̀n. Tuulikki a sì máa kọrin sí i bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

Rọra fà á, rọra fà á,
ilé ìrántí ò fẹ́ ìkánjú.

"Màmá, ẹ ti fi orin tan ọwọ́ yín jẹ," ni Jarkko wí, kó lè pa á lẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Àlà tuntun náà gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yíká. Ó ní kó ṣí òmíràn tí òun yà nígbà òtútù yìí, àti òmíràn. Gbogbo wọn ló gbòòrò bẹ́ẹ̀.

Jarkko ní kò tó nǹkan. Àwọn tó ń dán oògùn àrùn ìgbàgbé wò ń retí ìdáhùn lóṣù yìí; àwọn méjèèjì lè sọ pé àwòrán yẹn ni kò mọ́. Ṣùgbọ́n Tuulikki mọ̀ pé bí ìbòjú bá tóbi ju ohun tó bò lọ, ibi tí àìsàn ti mú rù á dà bí èyí tó ṣì tóbi, á wá dà bí ẹni pé oògùn ti ṣiṣẹ́, àwọn aláìsàn á sì máa gbé e mì lásán.

Kọfí rẹ̀ ti tutù. "Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Helvi ò ti dá mi mọ̀ mọ́ ni," ló wí.

"Helvi ò sí lára àwọn wọ̀nyí, Màmá."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni ò mọ̀. Ó ń ṣàánú gbogbo wọn. Èyí tó ti rù, ó ń yà á bí ẹni tó sanra. Pa gbogbo èyí tí mo yà nígbà òtútù yìí rẹ́. Màá bá ọ̀gá sọ ọ́ fúnra mi."

"Inú wọn ò ní dùn o."

"Kó má dùn."

Tuulikki gbé kálámù tó fi ń fa àlà lórí kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Jarkko bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn fà láti orí àkọ́kọ́, ó ń rọra lọ. Nígbà tó dé etí ibi tí Tuulikki ìbá ti fi àyè díẹ̀ sí i, ọwọ́ tirẹ̀ yà wọlé. Obìnrin náà ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan.