Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Àbẹ̀ḿbí

"Ta ló tún ti ṣe irú àìsàn yìí nínú ẹbí yín?" Dókítà Adégbénró gbé bírò lé ìwé, ó ń retí èsì.

Nùrẹ́nì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ràṣídátù, lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu tí kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣeé gbé mọ́.

"Bàbá wa ni, lọ́dún 1968. Àbúrò wọn náà ní Baṣọ̀run. Ṣùgbọ́n ti bàbá wa kì í ṣe ojú lásán, dókítà. Ìyàwó wọn kékeré ló ṣe é."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé òun náà ló ṣe àbúrò bàbá yín?"

Dókítà fi bírò tọ́ka sí Ràṣídátù.

"Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan tó lọ sí ọpọlọ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà ń fà á, àwọn ìdílé kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ń bí i mọ́ wọn ni. Kì í mú gbogbo ọmọ o, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ló yẹ kó wá ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀yin mélòó ló kù?"

"Èmi," ni Nùrẹ́nì wí. "Àti Sàídì."

Sàídì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àbẹ̀ḿbí, ìyàwó kékeré náà, bí fún bàbá wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni lọ́jọ́ tí bàbá kú, tí Nùrẹ́nì àti Ràṣídátù da ẹrù ìyá rẹ̀ síta nílé wọn ní Agbowó. Àgbo tí Àbẹ̀ḿbí fi ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé han aráyé, wọ́n ní májèlé ni. Nùrẹ́nì fúnra rẹ̀ ló fọ́ ìgò àgbo náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí ìyá àtọmọ ti ń gbé ní Mọníyà, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n wò.

Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ Nùrẹ́nì náà, ó ga, wọ́n sì fún un lóògùn. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì Mọníyà, kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ohùn Àbẹ̀ḿbí ló ń gbọ́: "Ẹ jẹ́ n fojú kan òkú ọkọ mi." Ó ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mọ́kàndínlógún yìí wá, àlá ló kàn máa ń pè é. Tó bá jíṣẹ́ dókítà, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn purọ́ mọ́ obìnrin náà. Tí kò bá sì jẹ́ ẹ, Sàídì lè ṣubú bíi bàbá rẹ̀. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Àbẹ̀ḿbí ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Bó ṣe rí i, ó dìde, ó sì dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló tún kú, ọkọ mi, tí ẹ fẹ́ ní èmi ni mo pa á?"

Nùrẹ́nì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Àìsàn bàbá ló mú Ràṣídátù. Dókítà ní inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà, kì í ṣe ẹ̀yin. A purọ́ mọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Sàídì tẹ̀ lé mi kí wọ́n tètè yẹ̀ ẹ́ wò."

Àbẹ̀ḿbí gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Orí ẹní ni Sàídì wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé itan, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ gẹ́lẹ́ bíi ti Ràṣídátù.

"Láti ìjẹta ni," ni Àbẹ̀ḿbí wí. "Mi ò gbé e lọ síbì kankan, mi ò jẹ́ kí aládùúgbò rí i. Kí wọ́n má baà ní Àbẹ̀ḿbí tún ti ṣe ọmọ ẹ̀ náà."

Ìtìjú bo Nùrẹ́nì, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń jáde, àwọn ará ilé kejì yọjú. Àbẹ̀ḿbí sáré fa ìborí rẹ̀ yọ, ó fẹ́ fi bo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má bò ó, Ìyá." Nùrẹ́nì kọjú sí àwọn tó ń wò, ó sì gbóhùn sókè: "Ẹ bá wa pe mọ́tò! Àbúrò mi ni. Àìsàn ilé bàbá wa ló mú un!"