Má Ṣí I, Máa Ṣí I

Ìkòkò tí kì í hó, tí kì í rú èéfín, tí a kì í sì í gbọ́ ohùn rẹ̀, Ìyá Alámì kò fọkàn tán irú rẹ̀. Láti agogo méje àárọ̀ ni ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ti jókòó sórí tábìlì ilé ìdáná, tí okùn iná mànàmáná rẹ̀ wọ inú ògiri lọ, tí ó sì dákẹ́ bí ẹni tí ó mọ ohun tí òun ṣe. Sìlò-kúkà ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń pè é. Ó ní ohun tí ìkòkò mìíràn ń fi wákàtí kan sè, wákàtí mẹ́wàá ni èyí fi ń sè é, àti pé oúnjẹ kì í jóná nínú rẹ̀. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí ni ó gún màmá náà lára. Ta ni ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ jíjóná?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi yẹ ìwé wò ní ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sí àmì ohùn tí ó ṣubú tí kò gbé dìde, kò sì sí èyí tí ó ṣìnà tí kò dá padà. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ìyá Alámì. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ àti ìyàwó, ó sì ní yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà, pẹ̀lú tábìlì rẹ̀, awò ojú rẹ̀ àti gègé pupa rẹ̀. Ara tù ú níbẹ̀ títí di oṣù tí ó kọjá, tí ó gbé kẹ́tùrù kaná, tí ó gbàgbé rẹ̀, tí ìdí kẹ́tùrù sì yọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, olùkọ́ ìṣirò tí ń gbé ní ìlú mìíràn, gbọ́. Ó ní bí ohunkóhun bá tún bàjẹ́ nínú ilé ìdáná náà, òun yóò wá kó màmá òun lọ sọ́dọ̀ ara òun.

Ìyá Alámì mọ ilé yẹn. Wọn kì í jẹ́ kí àgbà fọ ife níbẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí àga bí ẹyin, wọ́n á sì máa pariwo sí i létí bí ẹni pé ó dití. Ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun kò ní kúrò nínú yàrá olófèrèsé òun lọ síbì kankan.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọmọbìnrin náà ń bọ̀ wá jẹun ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Baálé ilé wà ní ìrìn-àjò iṣẹ́. Ìyàwó, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti jí ní kùtùkùtù. Ìṣojú màmá ni ó ti to oúnjẹ náà sínú ìkòkò: pasítà pẹlẹbẹ bí ojú ìwé nísàlẹ̀, ẹran lílọ̀ tí a ti dín pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà lórí rẹ̀, wàràkàṣì tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ lórí ìyẹn, ó tún fi pasítà lé e, ó tún da ẹran sí i, títí ó fi di ìpele mẹ́rin.

"Kí lo pe èyí?"

"Lasáńyà ni, Mọ́mì."

"Lásán kín ni?"

"Lasáńyà."

"Ó dára. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti kìlọ̀ fún wa. Pasítà tí o kò bọ̀, ṣé yóò rọ̀?"

"Omi tòmátì ló máa mú un rọ̀. Ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ẹ má ṣe ìyọnu kankan."

Lẹ́yìn èyí, ó dágbére lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé ìdáná, lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ó mú Ìyá Alámì fura. Nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́ àná, bí ó ti ń lọ sí ilé ìwẹ̀, ó gbọ́ tí ìyàwó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ọ̀la la máa mọ̀. Mọ́mì nìkan ló máa wà nílé pẹ̀lú ẹ̀." Pẹ̀lú kí ni? Ìkòkò náà ni, kí ni ì bá tún jẹ́? Wọ́n fẹ́ dán òun wò.

Agogo mẹ́wàá ni fóònù rẹ̀ dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó:

"Momi e ma si omori ikoko yen titi n o fi de o."

Ìyá Alámì wọ awò ojú. Ó kà á, ó tún un kà. Àmì kan ṣoṣo kò sí lórí ọ̀rọ̀ kankan. Gbogbo rẹ̀ wà níhòòhò. Bí a bá fi àmì òkè sórí "ma", "ẹ má ṣí" ni: kí ó má fọwọ́ kan ọmọrí ìkòkò náà rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà jẹ fáwẹ̀lì kan mọ́ ọn, "ẹ máa ṣí" ni: kí ó máa ṣí i lóòrèkóòrè. "Títí n ó fi dé" sì bá méjèèjì mu rẹ́gí, bí ẹni pé ẹni tí ó kọ ọ́ jókòó ti gbólóhùn náà kí ó tó fi ránṣẹ́.

Àbí ó jókòó tì í lóòótọ́?

Màmá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí òun kò bá ṣí i, tí ó sì jóná, wọn yóò ní àwọn sọ fún òun pé kí òun máa ṣí i. Bí òun bá ṣí i, tí ó sì bàjẹ́, wọn yóò ní àwọn sọ fún òun pé kí òun má ṣí i. Ọ̀nà yòówù tí ó bá gbà, ìlú ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó já sí. Ó pe ìyàwó lẹ́ẹ̀kan. Fóònù dún títí, kò gbé e. Kò pè é mọ́. Kí ni yóò wí? Pé Ìyá Alámì kò mọ ìwé kà?

Ó gbé etí lé ìkòkò, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mú. Ṣé ooru yìí ni yóò se ẹran? Ó ṣí i. Ooru bo awò ojú rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ó nù ún tán, ó rí i pé wàràkàṣì náà ṣì wà bí wọ́n ti rẹ́ ẹ.

Ìdí ìkòkò yìí ni aránṣọ tí ń gbé ní òdìkejì àtẹ̀gùn ti bá a. Obìnrin náà kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, abẹ́rẹ́ kì í sì í kúrò láyà aṣọ rẹ̀. Ìyá Alámì fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà hàn án, ó sì sọ fún un bí ìyàwó ṣe dágbére lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀.

"Ẹ má ṣí i ni," ni aránṣọ wí. "Ó hàn gbangba."

"Níbo ló ti hàn? Fi àmì ẹ̀ hàn mí."

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 'máa' ni, ṣé kò ní sọ iye ìgbà?"

"Bó bá jẹ́ 'má' ni, ṣé kò ní sọ ìdí? Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń dáná. Ta ló ń sọ fún irú mi pé kí n má ṣí ìkòkò? Ìwọ̀sí nìyẹn, ọmọ yẹn kì í sì í fi ìwọ̀sí lọ̀ mí."

"Kì í fi lọ̀ yín, ló ṣe dágbére lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ tí a bá rán ní ìlọ́po méjì, Mọ́mì, nǹkan ló ń bò mọ́lẹ̀."

"O rí i? Ohun tí mo ń rò nìyẹn."

"Èmi ò sọ nǹkan kan o. Òwú ni mo wá yá."

Aránṣọ gba òwú, ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ìyá Alámì mú "máa". Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pàkúté ni wọ́n dẹ, òun yóò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ó fa ìlà sí bébà kan, ó sì ń fi gègé pupa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àmì sì pé lórí rẹ̀: agogo mọ́kànlá, mo ṣí i, kò hó. Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ṣí i, mo nu omi ara ọmọrí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe é lọ. Kò sùn lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé àga síwájú ìkòkò, àwọn méjèèjì sì ń wo ara wọn. Nígbà tí ó fi di agogo mẹ́rin, ó ti ṣí i nígbà mẹ́sàn-án.

Agogo márùn-ún ni ìyàwó wọlé. Kò tíì bọ́ bàtà tí ó fi dé ìdí ìkòkò. Ó ti fọ́ọ̀kì bọ inú rẹ̀. Ó dún kọ́ lára pasítà.

"Mọ́mì, ẹ ṣí i?"

"O ní kí n máa ṣí i." Ó na bébà náà sí i. "Ìgbà mẹ́sàn-án. Àkókò ẹ̀ wà níbẹ̀."

Ìyàwó ka bébà. Ó yọ fóònù, ó ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ètè rẹ̀ ń mì. "'Má' ni, Mọ́mì. Bí a bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ooru ẹ̀ máa jáde, ó sì máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó padà."

"Àmì ẹ̀ dà?"

"Ẹsẹ̀ aláìsàn ni mo gbé dání lọ́wọ́ kan. Ọwọ́ kejì ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

Èsì yìí fẹ́ pa màmá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀rín náà mì. "Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún Àǹtí rẹ lórí fóònù. Ìdánwò lẹ ṣe fún mi."

Ìyàwó wolẹ̀. "Ìdánwò ni. Àǹtí fẹ́ wá kó yín lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn, pé ẹ lè wà nílé pẹ̀lú ìkòkò látàárọ̀, kí nǹkan kan má ṣe. Mo sì wá èyí tí kì í jóná."

"Kí ló kàn ọ́ bí mo bá lọ?"

"Ṣé kí n wá máa wọlé bá ògiri ni?"

Ó yára dáhùn jù, ni màmá rò.

Agogo mẹ́fà kò tíì lù tí olùkọ́ ìṣirò fi dé. Kò jókòó. Ilé ìdáná ni ó kọ́kọ́ wọ̀. Ó yẹ ìdí gáàsì wò, ó yẹ kẹ́tùrù tuntun wò, lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìkòkò.

"Kò jinná. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Kí Ìyá Alámì tó la ẹnu, ìyàwó ti fèsì. "Èmi ni, Àǹtí. Mo gbàgbé láti tan iná ẹ̀ láàárọ̀. Ìgbà tí mo dé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án." Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Bébà náà ti wọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Alámì wò ó. Bí òun bá dákẹ́ báyìí, yàrá òun di ti òun. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ènìyàn bá pa láti gba ni là, okùn ni. Ọwọ́ ẹni tí ó pa á ni orí okùn náà yóò máa wà. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, yóò fà á. Òun kò lè fi okùn sọ́rùn sùn nínú yàrá kankan, kì báà ní fèrèsé mẹ́wàá.

"Kò gbàgbé nǹkan kan," ni ó wí. "Èmi ni mo ń ṣí i. Yọ bébà yẹn fún un."

Ìyàwó yọ ọ́. Olùkọ́ ìṣirò kà á lórí ìdúró.

"Ìgbà mẹ́sàn-án, Màmá?"

"Mẹ́sàn-án. Ìwé tó fi ránṣẹ́ kò ní àmì."

"Ẹ ò pè é kí ẹ bi í?"

"Mo pè é lẹ́ẹ̀kan. Kò gbé e."

"Ẹ ò sì tún pè?"

"N kò tún pè."

Ọmọbìnrin náà fi ìka tẹ̀lé àwọn àkókò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ó ń wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Alámì ń wo ìka náà. Ó dúró díẹ̀ níbi agogo méjì, ó tún ń lọ.

"Kẹ́tùrù jó nítorí pé ẹ gbàgbé," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Èyí ò jinná nítorí pé ẹ ò gbàgbé. Mi ò lè fi ẹjọ́ kan náà mú yín fún méjèèjì." Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ìyàwó, bí o bá tún ní ọ̀rọ̀ bá Màmá sọ, pè wọ́n. Má kọ̀wé sí wọn mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Irọ́ tí o pa fún mi yẹn, níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún èèyàn pé abẹ́rẹ́ kì í dunni."

Èyí pa olùkọ́ ìṣirò lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò pa Ìyá Alámì lẹ́rìn-ín. Wọ́n yí iná ìkòkò sókè, wọ́n sì fi búrẹ́dì àti tíì dí ebi lọ́wọ́ títí lasáńyà fi rọ̀. Ó dùn, màmá kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dùn. Ó ń jẹun, ó ń wo ìyàwó tí ń bu oúnjẹ kiri tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ẹni tí ó lè tẹjú mọ́ olùkọ́ ìṣirò kí ó purọ́ láìṣẹ́jú, irọ́ mélòó ni ó ti pa fún òun láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti jọ ń gbé?

"Mọ́mì, ṣé kí n bù kún un?"

Ìyá Alámì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó gbé àwo rẹ̀ fún un.