Kọ̀ǹpútà Tó Ń Sọ Ìsọkúsọ

"Eléyìí ò dún tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́," ni Bàbá Onítáípù wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti kọ̀ǹpútà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Télọ̀, mí kanlẹ̀. Aṣọ oníbàárà ń dúró dè é nílé, àtàárọ̀ ló sì ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ fúyẹ́ jù, bàbá ní eku lè gbé e sá lọ. Èyí tó tẹ̀lé e wúwo, ó ní ṣé ilẹ̀kùn lòun fẹ́ fi dí ni. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, àmọ́ baba tirẹ̀ yìí ti fẹ́ jẹ gbogbo sùúrù tó wà nílẹ̀ tán. Gbogbo nǹkan ló ń bá jà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Télọ̀ ní kó bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ló bá jù ú padà sí i pé abẹ́rẹ́ náà ò ní ihò. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà tó wọlé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láti ìgbà tí bàbá ti fẹ̀yìn tì lọ́fíìsì ni àwọn ará àdúgbò ti ń gbé ìwé wá fún un kó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kó tètè jí, kó fá irùngbọ̀n, kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìwé padà. Onílé tó wà lójúde kejì ní ìdajì tirẹ̀ kò jọ èdè kankan tí òun gbọ́ rí. Bàbá ní kọ̀ǹpútà òun ti gbó, ó ti ń sọ ìsọkúsọ, Télọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ wá mọ́. Aṣọ tí bàbá fi sùn ló ń wọ̀ di ọ̀sán báyìí, Télọ̀ ò sì lè fara dà á.

"Ẹ wo eléyìí, Bàbá," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. Ẹ̀rín ti ń gbẹ lẹ́nu òun náà. "Àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere."

"Ta ló béèrè àwòrán? Ṣé fọ́tò ni mo wá yà?"

"Bàámi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn jókòó kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí Ọlọ́run."

Bàbá jókòó tìkọ̀tìkọ̀. Ó na ẹ̀yìn, ó wo àwọn bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé ọwọ́ lé wọn, ó sì gbójú sókè. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá tún wo ọwọ́ rẹ̀, rúlà olùkọ́ á bá a níka. Ìka rẹ̀ ń sáré, kò kọsẹ̀, kò dúró mí. Oníṣọ́ọ̀bù pàápàá gbàgbé ọjà tó ń polówó. Ó pẹ́ tí Télọ̀ ti rí bàbá rẹ̀ báyìí, orí rẹ̀ sì wú.

Bàbá tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí pé ó dáa. "Eléyìí gbọ́ràn. Wò ó, kò sí àṣìṣe kankan."

Télọ̀ sáré sún mọ́ ọn kó tó yí ọkàn padà. Ó wo ohun tó kọ.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Lẹ́tà lásán ló tò tẹ̀lé ara wọn, ìsọkúsọ kan náà tó wà nínú ìwé onílé. Inú bí i. Ó ti lanu láti bi oníṣọ́ọ̀bù pé irú ọjà wo lèyí, kójú rẹ̀ tó bọ́ sí ọwọ́ bàbá. Ọwọ́ méjèèjì ti yẹ̀ sápá ọ̀tún, bọ́tìnnì kan péré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti gbé wọn lé ibi tí kì í ṣe tiwọn, kò sì rí i.

Bàbá ṣì ń mi orí sí i.

"Kí ló dé tó o dákẹ́? Kà á sókè, kí wọ́n gbọ́."

Oníṣọ́ọ̀bù ti lọ ń nu eruku ara ẹ̀rọ kan lọ́ọ̀ọ́kán. Télọ̀ ronú irọ́ tó lè pa, kò rí ọ̀kan tó dáa.

"Kò ṣeé kà, Bàámi."

Ó retí ariwo. Bàbá ò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á. Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó kó wọn lé orúnkún.

"Tuntun lèyí, àbí?"

"Tuntun ni, Bàámi. Kò sóhun tó ṣe é."

Ìgbà náà ló yé Télọ̀ ìdí tí bàbá fi ń bá gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìtajà yìí jà láti àárọ̀, tí kò fẹ́ fi ẹyọ kan tẹ ìwé wò.

Bàbá fọwọ́ ra ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Abẹ́rẹ́ ọjọ́sí," ó wí. "Ó ní ihò, àbí?"

Télọ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ó ní i, Bàámi."