Ògiri Tí Wọ́n Rẹ́ De Àlejò

Oṣù méje ni mo fi ń wọ ilé dé ilé ní abúlé wa lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́, tí mò ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ibi tí ògiri wọn ti sán. Àwọn tó ń fi dáínámáìtì fọ́ àpáta wa ló fà á. Bí ó bá ti dún, tí bébà ya, a óò kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀rí wa nìyẹn. Èmi Wúràọlá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n fi ṣe alága, bóyá torí pé ẹnu mi le.

Ara ògiri ẹ̀yìn ni bẹ́ẹ̀dì ìyá mi wà. Ọwọ́ mi ń wọ ibi tó sán níbẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn.

Nígbà tí ìjọba ní àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀, tí wọ́n lè dá iṣẹ́ náà dúró, inú mi dùn débi pé mo kígbe nípàdé: "Ẹ múra sílẹ̀ o! Àlejò pàtàkì ń bọ̀!"

Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò ní Adó kí n tó mú àwọn aṣàyẹ̀wò náà dé. Abúlé ti yí padà. Gbogbo ògiri ni wọ́n ti rẹ́, tí wọ́n kùn ní funfun. Ìyá mi jáde pẹ̀lú léèsì tó ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wo ulé mi. Ládépọ̀ bíríkìlà ló bá mi rẹ́ ẹ."

"Màmá, bébà ńkọ́?"

"Mo ti ya á dànù. Ṣé kí àlejò ìjọba bá ulé mi ní jákujàku ni?"

Ó ṣe mí bíi kí n fi èékánná họ ògiri náà lójú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ọjọ́ kẹsàn-án, dáínámáìtì dún, ògiri ẹ̀yìn wó lu ìyá mi. Dókítà ní kò ní lè rìn mọ́.

Lánàá, ní ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wúràọlá, ṣé wọ́n ti tún ògiri yẹn rẹ́? Àwọn èèyàn á máa wá kí mi o."

Mo ní wọ́n ti rẹ́ ẹ.