Afẹ́fẹ́ Tó Jókòó Sínú Òkun

Ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá mọ́jú òní burú. Mo rí afẹ́fẹ́ tó ru òjò bí aláàárù, ó ń gbé e lọ sí Ṣakí, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń dáko. Bó ṣe fẹsẹ̀ kan òkun, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ló bá da gbogbo ẹrù rẹ̀ sí etíkun wa níbí, ó jókòó sínú omi.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ sí wa, wọ́n di àgbàdo tí ọ̀dá pa lóko mú. Wọ́n ní, “Jọ̀ọ́, bá mi bẹ afẹ́fẹ́ kó dìde.”

Èmi náà ti wà nínú omi, mò ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń kúrò nínú omi tó lọ́ báyìí?”

Mo jí, òjò ń lu páànù wa. Fóònù dún, ẹ̀gbọ́n mi ni.

“Ṣé òjò ni mò ń gbọ́ yẹn?”

Mo fọwọ́ bo ẹnu fóònù.

“Gbé fóònù síta, jẹ́ n gbọ́ ọ dáadáa.”