Oyèwọlé Ń Ya Ẹnu sí Oòrùn

Ká ní ẹ rí Oyèwọlé létí omi Marine Beach láàárọ̀! Á jókòó, á kọjú sí oòrùn, á la ẹnu gbàgà bí ọmọ ẹyẹ. "Ọ̀gá, wetin dey do you?" làwọn apẹja ń bi í. Á tún la ẹnu sí i.

Ẹnu náà ló sì fi ń jẹun. Ó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù wọn jáde ní pọ́ọ̀tù, ẹ̀rín ẹ̀ a sì gba gbogbo Wharf Road kan. Àfìgbà tí eyín iwájú ẹ̀ kán. Wọ́n rì síkúrù mọ́ egungun ibẹ̀ kí eyín tuntun lè jókòó lé e, egungun kọ̀ ọ́, ó jábọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ṣe tán lẹ́nu ẹ̀.

Dókítà Philomena ló gbà láti tún un ṣe. "Egungun tó kù ò pọ̀, sà. Bí èyí bá tún jábọ́, kò sí ẹ̀kẹta o."

Ó mú síkúrù kan fi hàn án, ó kán omi sí i. Omi ń yí gbirigbiri bí ẹni wà lórí ewé kókò. Ó wá fi í sínú àpótí kékeré kan, sábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò. Nígbà tó yọ ọ́, omi tẹ́ pẹrẹsẹ lára ẹ̀. "Síkúrù tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń ní ìdọ̀tí tójú ò rí. Iná yìí á bó o kúrò, kí egungun lè dì í mú. Irú ìtànṣán yìí wà nínú oòrùn náà."

Oyèwọlé gbọ́ oòrùn. Ó parí! Bí wọ́n ṣe rì síkúrù náà sí i lẹ́nu tán, ó di ará etí omi.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, Oyèwọlé la ẹnu. Philomena fi irin gbá síkúrù náà, ó gbìyànjú láti yí i. Kò mì. "Egungun ti gbà á, sà."

"Olúwa, o ṣeun! Oòrùn yẹn ṣiṣẹ́ o!"

"Oòrùn wo?"

Ló bá ṣàlàyé. Philomena rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Yéè! Iná ti parí iṣẹ́ ẹ̀ kí síkúrù tó wọ ẹnu yín. Ètè yín lásán ni oòrùn ń bó!"

Ni Oyèwọlé náà bá bú sẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró. Fóònù ẹ̀ dún, ó sì gbé e báyẹn. Tèmilọlá ìyàwó ẹ̀ ni.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ọkọ mi."

"Tèmi, èmi ni."



"Ẹ tún rín in," Tèmilọlá ní, "kí n gbọ́."