Etí Tí A Kọ Sínú Ètò Tọ́bò

Ìlà kẹsàn-án nínú ìwé Rafiatou ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí láìṣàìsàn.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọra mú un láti ibi tó yẹ. Adélànà lorúkọ mi, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì ní Koumassi níbí, létí ọ̀sà Abidjan. Bí ẹ bá dé Koumassi tí ẹ ń béèrè Adélànà, ẹ lè rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ṣáà ní Tonton l'Oreille lẹ ń wá, Bàbá Elétí, obìnrin tó ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, lójú títì á fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ mú yín wá sí gáráàjì mi. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni pé mo ní tournevis gígùn kan, ìyẹn sikurudiráfà. N ó fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, n ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, n ó dijú, n ó sì sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò náà kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan.

Etí náà ti kú. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, ti òsì sì tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀, mo ń gbọ́ Bọ́láṣadé ìyàwó mi tó bá ń kùn ní yàrá kejì. Ìró tín-ín-rín ni n kò gbọ́ mọ́, irú èyí tó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbọn ìyanrìn nínú agolo. Dókítà ní ariwo irin ọdún gbọọrọ ló jẹ ẹ́, ó ní kò ní padà. Bọ́láṣadé nìkan ni mo sọ fún.

Báwo ni mo wá ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí oníbàárà bá dé, n ó ní kó fi ẹnu ṣe é bí mọ́tò rẹ̀ ṣe ń dún. Ọ̀kan á ní kọ̀-kọ̀-kọ̀, èkejì á ní ṣìì-ìn, ṣìì-ìn. Awakọ̀ wôrô-wôrô kan, takisí tí èrò mẹ́rin ń jùmọ̀ wọ̀, ṣe ti gíà rẹ̀ títí itọ́ fi ta sí mi lójú. Ẹnu wọn ni mo ti ń mọ àrùn. Lẹ́yìn náà ni n ó wá gbé tournevis sétí, n ó mi orí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n á ní, "Há! Tonton!" Ó ń dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Bí mo ṣe ń bá a lọ nìyẹn tí Faïçal fi gbé ọ̀rọ̀ tọ́bò dé.

Faïçal jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ mi Ìkírámù tó ti dolóògbé. Koumassi ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Plateau, àárín ìlú Abidjan. Starlet kékeré kan ni bàbá rẹ̀ fi ṣe wôrô-wôrô fún ọdún mọ́kàndínlógún, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí a kò pààrọ̀ rí. Ọkọ̀ náà ni Faïçal fẹ́ ká fi tọ́bò sí.

Tọ́bò kì í ṣe àdììtú. Abẹ̀bẹ̀ kékeré ni, èéfín tó ń jáde ló ń yí i, òun náà á sì máa fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, tí epo pọ̀, agbára á pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pọ̀ jù, epo á máa gbiná kí àsìkò tó tó, á máa lu orí písítìnnì. Àwọn Faransé ń pè é ní cliquetis. Ìró ìyanrìn inú agolo yẹn gan-an ni. Bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò bá tètè gbọ́ ọ kí wọ́n dẹ ẹsẹ̀, kò ní pẹ́ tí písítìnnì á fi yọ́ bí òrí.

Ọjọ́ Sátidé la jókòó láti ṣètò rẹ̀, lábẹ́ páànù gáráàjì mi. Rafiatou ló di ìwé mú. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, ó ti gba òmìnira lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́jọ, iná ọkọ̀ ló sì mọ̀ jù. Ó ń ka ètò náà bí ẹni ń ka orúkọ ní kíláàsì.

"Ìlà kìíní: tọ́bò kékeré, occasion, àlòkù. Jean-Marc á jó ọ̀pá tó máa gbé e." Jean-Marc ni wẹ́dà wa. "Ìlà kejì: a ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, a ó fi gáskẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí i, kó má baà fún afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Ìlà kẹta: rédíétọ̀ tó tóbi jù..."

Ó kà á títí dé ìkẹjọ. Mo ń dáhùn, mo ń ṣàtúnṣe, ara mi yá gágá. Ló bá gbé ojú sókè.

"Ìlà kẹsàn-án. Cliquetis. Ta ló máa gbọ́ ọ?"

Faïçal bú sẹ́rìn-ín. "Rafi, c'est quelle question ça? Tonton ńkọ́?"

Rafiatou náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀: *Etí Tonton.* "A ó bẹ̀rẹ̀ láti zéro virgule cinq, agbára afẹ́fẹ́ kékeré. Ẹ̀yin á máa gbọ́, àwa á máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀, ó di ìgbà tí ẹ bá ní ó tó."

Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì? Òun náà ń gbọ́ ọ."

"Ẹ̀rọ kẹ̀?" Rafiatou yí ojú. "Ta ló sọ fún mi pé ẹni tó gbára lé ẹ̀rọ, kó lọ máa ta tẹlifóònù?"

Èmi ni mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lójú èrò, mo tún fọwọ́ gbáyà.

Faïçal ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Tonton, ẹ gbọ́. Ẹ́ńjìnnì yẹn, Papa ló fọwọ́ kàn án chaque jour, lójoojúmọ́. Tó bá bàjẹ́, c'est fini, mi ò ní wá òmíràn. Torí ẹ̀yin ni mo ṣe gbà láti ṣe é. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mi ò jẹ́ dán an wò."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.

Rafiatou tún ní ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà bó ṣe wà kí a tó tú u. Ní dimanche, Àìkú ọ̀la, ọ́fíìsì ò sí, Plateau á dá páropáro. A ó máa fi gíà kẹrin gun òkè láti etí ọ̀sà. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, òun á ti delco, ìyẹn ibi tí iná ti ń pín sí àwọn plọ́ọ̀gì, síwájú ní degré méjì. Bí iná bá ti ń yá jù, cliquetis á bẹ̀rẹ̀. "Ibi tí Tonton bá ti gbọ́wọ́ sókè, nọ́ńbà yẹn la ó fi gbé gbogbo ìṣirò yòókù."

Ẹnu mi dáhùn kí n tó bá a wí: "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bọ́láṣadé dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

"N ó sọ."

"Nígbà wo?"

Mo ní fìlà mi dà.

Plateau dá lóòótọ́. Àwọn ilé gogoro ti ilẹ̀kùn pa, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń tòògbé lórí àga. Faïçal wà nídìí ọkọ̀, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Rafiatou wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé. A gun òkè nígbà àkọ́kọ́. Faïçal tẹ epo mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ń mì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. N kò gbọ́wọ́ sókè. A padà sísàlẹ̀, Rafiatou ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti delco síwájú, a tún gùn ún. N kò gbọ́wọ́.

Ọgbọ́n tí mo dá ni pé ojú wọn ni n ó máa wò, bí mo ṣe ń wo ẹnu oníbàárà. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ojú wọn á sọ fún mi. Mo wo Faïçal: títì nìkan ló ń wò, kò tilẹ̀ fetí sílẹ̀. Kí ló fẹ́ gbọ́ sí, èmi ṣáà wà níbẹ̀. Mo wá gbójú sókè wo Rafiatou nínú dígí. Ọwọ́ mi ni Rafiatou ń wò.

A gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Mo fẹ́ gbọ́, mo fẹ́ kí irin náà pariwo sí mi, kí n ṣáà gbọ́ ohun kan. Hùn-ùn nìkan ni mo gbọ́. N kò gbọ́wọ́. A dé òkè, a padà.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá tún dákẹ́, ẹ́ńjìnnì á fọ́ síbẹ̀. Nígbà tí a dé àárín òkè, mo gbé ọwọ́ sókè. Mo kàn gbé e ni.

Faïçal dẹsẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Há! Tonton! Vous êtes trop fort! Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o!"

Ó ń lu ìdarí ọkọ̀ bí ẹni ń lùlù. Rafiatou wo ìwé rẹ̀, ó ní:

"Èmi rò pé mo gbọ́ ọ ní ìgbà kẹta."

"Rafi, ṣé ìwọ ni l'Oreille ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ fááfù ni mo gbọ́." Ó ti kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé tẹ́lẹ̀. Mo rí i nínú dígí tó fa ìlà pa á rẹ́, tó ń múra láti kọ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Etí mi ò tíì mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀."

Degré méjì péré ni. Lórí ẹ́ńjìnnì lásán, kò ju kó kùn lọ. Bí a bá gbé tọ́bò lé e, degré méjì yẹn ló máa sun ẹ́ńjìnnì Ìkírámù.

"Má kọ ọ́," ni mo wí.

"Hẹ̀n?"

"Má kọ ti èmi. Tìrẹ ni kí o kọ. N kò gbọ́ nǹkan kan, Rafiatou. Láti òwúrọ̀. Láti ọdún tó kọjá."

Faïçal pa ọkọ̀. Ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe parọ́rọ́ tó, mo gbọ́ ìyẹn.

"Tonton, ẹ̀ ń ṣeré."

"N kò ṣeré. Etí mi ti lọ. Mo kàn gbé ọwọ́ sókè lásán ni."

"Ẹ máa jẹ́ kí n jó ẹ́ńjìnnì Papa?"

Mo wá irọ́ kékeré kan tí n ó fi bò ó, n kò rí. "Lánàá, bẹ́ẹ̀ ni."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn pa, ó sì rìn lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀sà wà. Mo rò pé Rafiatou á bá mi kẹ́dùn. Ẹ wo èrò àgbàlagbà! Ó pa ìwé dé, ó kọjú sí mi.

"Ẹ́ńjìnnì Siddiqah, oníbàárà wa. Tí mo dì tán, tí ẹ gbé tournevis sétí, tí ẹ ní ẹ ń gbọ́ nǹkan nínú bẹ́ríìnì. Mo ní mi ò gbọ́ ọ. Ẹ ní kí n tú u."

"Mo rántí."

"Ọjọ́ méjì ni mo fi tú u! Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin ní mo ti tún un ṣe láìmọ̀. Mo délé, mo sunkún, Tonton. Mo ní etí mi ò dáa, mo ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí lẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Èrò pọ̀ nílẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi."

Ó yí ojú sí fèrèsé. Mo ní kó má bínú. Ó ní ká fi sílẹ̀ ná. Mo sì fi sílẹ̀.

Faïçal pẹ́ kó tó padà. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi. "Tonton, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Mo sọ̀. Mo ti ń ro ibi tí n ó ti rí wôrô-wôrô padà sí Koumassi.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn. Rafi, viens devant."

Rafiatou dá delco padà síbi tó wà, ó sì bọ́ síwájú. Ó fún mi ní ìwé, kò wo ojú mi. A tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kìíní, kò gbọ́wọ́. Ìgbà kejì, kò gbọ́wọ́. Ní ìgbà kẹta, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá géètì báńkì kan nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè. Faïçal dẹsẹ̀.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ jẹ́ ká tún un gùn."

A tún un gùn. Ó di ojú, kó má baà rí géètì yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà gan-an. Mo na ọrùn láti ẹ̀yìn, mo fetí sílẹ̀ débi pé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ nọ́ńbà tó pè fún mi. Mo ṣí ìlà kẹsàn-án, mo pa orúkọ mi rẹ́, mo kọ tirẹ̀.

Bí a ṣe ń bọ̀ lórí afárá, Faïçal sọ̀rọ̀ láìyí ojú padà. "Lọ́la, ẹ máa sọ ọ́ fún gbogbo gáráàjì. Ẹ̀yin fúnra yín. Tí mo bá dé tí wọn ò tíì gbọ́, ọkọ̀ mi ò ní wọlé."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo pe gbogbo wọn jọ kí a tó ṣí àpótí irinṣẹ́. Mo sọ ọ́, kò gùn. Jean-Marc ṣí gíláàsì wẹ́dà kúrò lójú, ó ní, "Toi-même?" bí ẹni tí kò gbà pé èmi ni. Séraphin tó ń kun ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń dápàárá. Nígbà tó rí i pé Rafiatou ò rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ọ̀dà rẹ̀. Awakọ̀ kan tó jókòó ń dúró dè mí dìde, ó ní òun á padà wá. Mo mọ̀ pé kò ní padà.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, Starlet yọ lójú títì. Faïçal ò pa á. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó bi Jean-Marc ní Faransé bóyá mo ti sọ̀rọ̀. Jean-Marc ní mo ti sọ ọ́. Nígbà náà ló wakọ̀ wọlé. Ó kí mi, kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé Rafiatou lọ́wọ́.